Kọ́mà Kan ní Táńkẹ̀

Kọ́mà kan ṣoṣo ni.
Ó bọ́ nínú fáìlì bí eyín ọmọdé,
ẹ̀rọ sì kọ̀, ojú rẹ̀ funfun báláú.

Láti ìdájí ni Dókítà Háwáwù ti jókòó tì í.
Ó ti ka ìlànà mi dé ojú ìwé kọkàndínlógún,
ó ṣí àkámọ́, ó pa á dé,
ẹ̀rọ ní: “Àṣìṣe wà ní ìlà kẹtàlélógójì.”
Àṣìṣe wo? Kò sọ.
Bí ẹni tó ń lọgun “Olè! Olè!”
tí kò tọ́ka ibi tí olè gbà.

Èmi ni mo kọ ẹ̀rọ náà.
Ẹ jẹ́ n tètè jẹ́wọ́.
Yàrá kan l'Ókè-Òdó ni mo ti kọ ọ́, lóru,
tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń wúkọ́ lẹ́yìn fèrèsé,
mo sì rò pé ó rọrùn.
Ó rọrùn fún mi.
Ẹni tó gbẹ́ kànga kì í kọsẹ̀ létí rẹ̀.

Ọkà bàbà ni iṣẹ́ tirẹ̀.
Ó ṣa á l'Ókè-Odè, ó ṣa á n'Ígbàjà,
ó ṣa á lóko ìyá arúgbó kan ní Babańlá
níbi tí èpò olódòdó àlùkò ti pa gbogbo oko
àfi poro kan,
poro kan péré tí ọkà dúró, tó tutù yọ̀yọ̀
bí ẹni tí kò gbọ́ pé ogun dé.
Kí ló wà nínú ọkà yẹn?
Lẹ́tà mẹ́rin, A àti C, G àti T,
tí wọ́n tò tẹ̀léra, mílíọ̀nù lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin,
okùn mẹ́wàá tí a ká jọ síbi tí ojú ò tó.
Ẹ̀rọ mi ló yẹ kó tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ
bí ọ̀nà Àjàṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ ọdún,
kó rìn ín, kó dúró níbi tó wù ú.
Ẹnubodè ni mo tì mọ́ ọn.

Mo jókòó lẹ́yìn rẹ̀, mo ní n ò ní sọ̀rọ̀.
Ó fi ìka lé ojú kọ̀ǹpútà,
ó ń fa àwòrán tí kò ṣeé fà.
“Ṣé n ò lè gbé ti Babańlá sókè,
kí ti Ìgbàjà wà lábẹ́ rẹ̀,
kí n fi pupa kun ibi tí wọ́n ti yàtọ̀?”
Ó ṣeé ṣe! Ìlà kẹrìnlélọ́gọ́ta, Dókítà, kí ẹ kọ…
Mo gbé e mì.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi wó ilé ara mi.
Ohun tí ẹ bá fẹ́ gbé, ẹ fà á.
Ohun tí ẹ bá fẹ́ kùn, ẹ fọwọ́ kàn án.
Kí ẹ̀rọ lọ kọ fáìlì rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, tòun ti kọ́mà.
Bí nǹkan bá sì bàjẹ́, kó sọ ọ́ bí ọmọ tí a kọ́:
“Mi ò rí okùn tó ń jẹ́ ‘Kẹta’.
Ṣé ‘Okùn 3’ lẹ ní lọ́kàn?”
Jímọ̀ ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti sọ ọ́ di eré ọmọdé.
Jímọ̀, tí kò mọ ọkà yàtọ̀ sí eéran.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, iná ò tíì lọ,
ó ṣí i.
Ó fà, ó kùn, ó sún mọ́ ọn. Kò pe orúkọ mi.
Lójú okùn kẹta, pupa kan yọ, kékeré bí ojú abẹ́rẹ́.
Kò wẹ̀yìn. Fóònù ló nawọ́ sí.
“Ìyá, irúgbìn poro yẹn, ta ló mú un wá?”

Ohùn arúgbó dún láti Babańlá, afẹ́fẹ́ ń gé e:
“Ìyá ọkọ mi ni. Etí ìró rẹ̀ ló dì í sí
lọ́jọ́ tó kó wá sílé yìí.
Ṣé ẹ rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ ni?”