Láti Ení dé Ẹ̀wá

Wọ́n fún mi ní pátákó pẹlẹbẹ kan àti gègé méjì,
wọ́n ní kí n máa kan ilẹ̀kùn ní Arbroath,
láti etíkun lọ sókè,
kí n bi àwọn ènìyàn bí ètò tẹlifíṣọ̀n òde òní ṣe rí lójú wọn.
"Láti ení dé ẹ̀wá," ni ọ̀gá wí. "Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n rò ó pẹ́."

Kùrukùru ti inú òkun jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà,
ó bo àwọn ilé olókùúta pupa,
èéfín àwọn tó ń yan ẹja sì dà pọ̀ mọ́ ọn;
imú ni mo fi ń wá ojúlé, kì í ṣe ojú.

Dougal Strachan, apẹja tó ti fẹ̀yìn tì:
"Pàǹtí. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Pàǹtí.
Ẹni ń se oúnjẹ ń sunkún, ẹni ń kọ́lé ń sunkún,
ẹni tó ra àga àlòkù lásán, omi ń dà lójú rẹ̀.
Nígbà tiwa, bí ènìyàn bá sunkún lórí tẹlifíṣọ̀n,
a mọ̀ pé ẹnìkan ló kú."
Mo ní, "Ṣé kí n kọ ení?"
Ó ní, "Ṣé kò sí òdo níbẹ̀ ni?"
Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára gíláàsì,
níbi tí kéèkì obìnrin kan ti rì láàárín.
"Ó ti yá ààrò yẹn ṣí jù," ó rọra wí,
"mo sọ fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Senga Petrie, nọ́ọ̀sì alẹ́, aṣọ àyálọ̀ lọ́wọ́:
"Wọ́n ń ráhùn bí ẹni tó fi ọ̀dùnkún gbígbóná sẹ́nu.
Òkùnkùn inú eré wọn, àfi kí n gbé àtùpà wá.
Wọn á gbé ìtàn dé ẹnu ọ̀nà,
wọn á ní ó di ọdún méjì.
Ọdún méjì! Ta ló bá mi gba ọdún méjì lọ́wọ́ Ọlọ́run?"
Ó fún wọn ní ẹ̀jọ.

Ní ilé àwọn Lamont, ọmọ mẹ́ta, àga gígùn kan,
fóònù mẹ́ta.
Ọ̀kan bú sẹ́rìn-ín. Àwọn méjì tó kù kò bi í pé kí ló dé.
"Tẹlifíṣọ̀n?" ni Struan wí. "Ti màmá àgbà ni."

Màmá àgbà náà rèé nínú yàrá ẹ̀yìn,
Effie, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún,
ó ń yọ egungun ẹja fún ológbò.
Ó ronú. Ó ronú títí gègé mi fi gbẹ.
"Wọ́n máa ń parí nígbà kan," ó ní.
"Tó bá di ọ̀gànjọ́, ọkùnrin kan á kí wa pé ó dàárọ̀,
ìmọ́lẹ̀ á sún kì, á di ẹyọ kan ṣoṣo láàárín gíláàsì,
a ó máa wò ó títí yóò fi kú.
Àwọn ti ìsinsìnyí kò burú.
Àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde ni wọ́n."

Kò sí àpótí fún ìyẹn lórí ìwé.
Mo kọ ọ́ sí etí rẹ̀, lẹ́tà wínníwínní.

Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá ní ẹ̀rọ kì í ka etí ìwé.

Mo délé, mo yọ bàtà, mo tan tiwa.
Obìnrin yẹn tún ti yá ààrò ṣí.
"Fi sílẹ̀!" mo pariwo, èmi nìkan nínú yàrá.
Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti àwọn tó ń ra ilé,
lẹ́yìn wọn ni ti àwọn tó ń tà á,
aago méjì lù.
Ká ní ẹnìkan kan ilẹ̀kùn tèmi, ẹ̀fà ni ǹ bá wí,
bóyá èje,
nítorí kéèkì yẹn.