Wáyà Ilẹ̀

Ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Aago márùn-ún ìdájí, ètè ti là, etí ti kú,
ṣùgbọ́n nílé ìwòsàn wa omi gbígbóná ń rìn lábẹ́ ilẹ̀
láti ilé bọ́ílà tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná
dé wọ́ọ̀dù márùn-ún, dé ilé àwọn nọ́ọ̀sì,
páìpù kan náà ni, ó lọ́ bí ìfun ẹran.
Èmi ni mo ń tọ́jú iná tó ń sè é.

Kaneng tó ń fọ aṣọ wọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ sọ ọ́:
"Bàbá Fadérera, ẹ̀rọ omi yìí ń ta mí."
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọyẹ́ ni.
Wọ́n ní bí ọwọ́ tútù bá pàdé omi gbígbóná,
kí ni kò níí máa ta á?
Davou, ọ̀gá àwọn tó ń ṣe páìpù, ní kó wọ ìbọ̀wọ́.

Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Ohun tó ta èèyàn lẹ́ẹ̀kan tí kò pa á,
ọ̀nà ló ń wá.
Mo fa tẹ́sítà yọ lápò,
mo fi ẹnu rẹ̀ kan irin.
Ó la ojú pupa sí mi.

Lẹ́yìn ilé ìfọṣọ ni mo ti rí i.
Nígbà òjò, irin ibẹ̀ dípẹtà, ó ń jò,
Davou gé e, ó fi rọ́bà apá méjì dí àlàfo náà.
Omi kọjá. Omi ò bìkítà.
Ṣùgbọ́n iná tó ṣìnà kì í gba inú rọ́bà relé.
Wáyà ilẹ̀, aláwọ̀ ewé àti ìyeyè,
tí ì bá mú un sọ̀kalẹ̀ kó lọ sùn,
ẹnìkan ti gé e, ó ti tà á
fún àwọn tó ń wọn bàbà ní kílò ní Tẹ́mínọ́ọ̀sì.

Bàbá mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá rélùwéè dé ìlú yìí,
a máa sọ pé ẹni tó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ.
Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ méjì ni.
Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀
pé èèyàn lè fi ayùn kékeré dalẹ̀ lóru ọjọ́ kan,
kó wá jẹ́ afọṣọ ni ilẹ̀ yóò mú.

Mo já ṣíwíìṣì ńlá wálẹ̀.
Mo fi àgádágodo ara mi tì í, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi,
nítorí ẹni tí òtútù ń mú
kì í bèèrè ìdí tí iná fi kú,
títàn ló máa tàn án.

Mátírọ́nù dé tòun ti ìborùn.
"Ọmọ ọwọ́ mẹ́tàdínlógún! Omi wo la ó fi wẹ̀ wọ́n?"
Mo ní kí wọ́n gbé ìkòkò ka iná igi.
Ó ní ṣé mo ya wèrè ni.
N ò dáhùn. Ilẹ̀ ni mo ń gbẹ́.

Ilẹ̀ ọyẹ́ le bí egungun,
ilẹ̀ tó gbẹ kì í gba iná lálejò.
Mo ri ọ̀pá bàbà tó ga tó mi mọ́lẹ̀,
mo da èédú sí i, mo da iyọ̀ sí i,
garawa omi mẹ́rin,
bí àwọn tó ń gbin kábéèjì létí odò.
Mo fi wáyà tuntun fo rọ́bà Davou kọjá,
irin tún mọ irin.
Davou fúnra rẹ̀ ló di tọ́ọ̀ṣì mú nínú kòtò. Kò sọ̀rọ̀.

Aago mẹ́wàá kọjá kí n tó ṣí àgádágodo.
Tẹ́sítà dijú. Síbẹ̀,
ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo fi kan páìpù, bí wọ́n ṣe kọ́ mi:
àtẹ́lẹwọ́ tí iná bá mú, ńṣe ló ń dì mọ́ ọn,
ẹ̀yìn ọwọ́ a sá.

Kaneng ní kí n kúrò níbẹ̀.
Ó na àtẹ́lẹwọ́, tòun ti ìka tí ọṣẹ ti bó,
ó dì í mú, ó dúró.
Ó dúró títí ẹ̀rù fi bà mí.
"Ó gbóná," ó ní.
"Ó kàn gbóná ni."