Aago Mẹ́rin Òru ní Alderbrook

Láti Gatineau ni mo ti ń bọ̀,
mo gba orí afárá kọjá odò tó ti di òkúta.
Réjean lorúkọ mi. Ọkọ́ irin ńlá wà níwájú ọkọ̀ mi,
òjò dídì sì ni oko mi.

Bí Ọ́tawà bá ti ń tán lójú ọ̀nà,
tí iná ilé ìjọba ti rẹlẹ̀ sẹ́yìn mi,
n óo yà sọ́tùn-ún, n óo bá Alderbrook lójú oorun.

Àdúgbò tí kò ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo.
Ẹni tí iyọ̀ bá tán mọ́ lọ́wọ́, mọ́tò ni yóò gbé lọ ra iyọ̀.
Kò sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀: ta ni yóò rìn?
Ajá nìkan ló ń rìn níbẹ̀, òun náà wọ ẹ̀wù òtútù,
ẹni tí wọ́n háyà ló sì ń fà á.
Igi ni mo fi ń mọ ilé:
onígi páìnì méjì, adájọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì;
ibi tí igi mépù ti ya, ọ̀gá báńkì,
ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ, iná yàrá òkè kì í kú mọ́.
Ilé tó ta àsíá, aṣojú ìlú kan tí n kò lè pè dáadáa,
nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ pupa bí ata,
ọlọ́pàá kì í dá a dúró.

Ọdún mọ́kànlá. Mo mọ̀ wọ́n, wọn ò mọ̀ mí.
Mo mọ̀ pé ilé Pemberton ń tanná sí omi ìwẹ̀ tí yìnyín ti bò,
ó ń wò mí láti ìsàlẹ̀ bí ojú ẹja nínú fìríìjì.
Owó ò lè ní kí òjò dídì fo ilé òun;
ó kàn lè yan ẹni tí yóò kó o.

Lóṣù kìíní, ẹgbẹ́ onílé kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ wa, lórí bébà tó nípọn:
ariwo ọkọ́ irin yín ń jí wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kó o jẹ́jẹ́.
Ọ̀gá mi Ouellette kà á sókè, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.
Irin àti ọ̀dà. Ẹ wá kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni mo rí bàbá yẹn
láàárín títì, nínú aṣọ ìsùn,
bàtà kan lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì lásán.
Ó gbọ́wọ́ sókè bí ẹni tí ọkọ̀ ti ń dúró fún láti kékeré.
Mo dúró.
"O pẹ́," ló wí. "Kóòtù ti jókòó."
Igi páìnì méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu,
ó sì ń bi mí pé níbo ni ọ̀nà ilé.

Mo gbé e sókè. Ó fúyẹ́ bí àpótí tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀.
Mo fi fìlà onírun mi wé ẹsẹ̀ òsì náà.
Ilé rẹ̀ ni mo dorí kọ, àmọ́ ó ní, "Máa wà á lọ,"
mo sì ń wà á lọ. A yí àdúgbò ká, ọkọ́ irin ń han gooro,
ó ń dárúkọ ẹni tó kọ́ ilé kọ̀ọ̀kan, ẹni tó kú, ẹni tó gbowó,
ẹjọ́ tó dá, àti ọ̀kan tí kò yẹ kó dá bẹ́ẹ̀.
Ìyẹn ni kò gbàgbé.

Marivic tó ń tọ́jú rẹ̀ sáré jáde pẹ̀lú sálúbàtà:
má sọ fún wọn, wọn ó lé mi,
ọmọ mi wà níléèwé ní Iloilo.
Mo ní n kò rí nǹkan kan.
Bàbá wá owó lápò títí, kò rí,
ó já bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ kan, ó fi lé mi lọ́wọ́.
Ó wà nínú ọkọ̀ mi títí dòní.

Mo wo òpópónà náà sókè sódò.
Fèrèsé kan kò tanná.
Bóyá wọ́n sùn, bóyá apirọrọ ni wọ́n,
pẹ̀lú gbogbo ariwo yẹn.