Ìka Mẹ́rin

Ìdájí ni Kóòṣì Lásísì máa ń pè wá jọ,
kí oòrùn tó yọjú lẹ́yìn ọ̀sà Ẹ̀pẹ́,
kí òun náà tó lọ tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní èbúté.
Òórùn pẹtiróòlù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.
Àwa mẹ́tàdínlógún, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo,
bọ́ọ̀lù rọ́gíbì tó gùn bí ìbẹ́pẹ,
tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń ṣe wá ní yẹ̀yẹ́:
"Ẹ jẹ́ ó pọ́n ná kí ẹ tó máa sáré lé e!"

Èmi, mo kórìíra kí á máa nara.
Mo ní agbára dà bí owó ọkọ̀:
èyí tí o bá ná lálọ,
o ò ní í bá a nílẹ̀ lábọ̀.
Kóòṣì ò bá mi jà. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kùn mí níka,
ó ní, "Rahímì, fò, fọwọ́ kan ògiri."
Mo fò. Àmì funfun kan jókòó síbẹ̀.
Ó wò ó, kò sọ nǹkan kan,
bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnì tó kọ̀ tí kò jí.

Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀.
A rọra sáré yí pápá ká, ìrì ń wọnú bàtà,
a gbé orúnkún dé ìdodo,
a ń ju ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn bí ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń ṣí,
a ń rìn bí alákàn,
títí òógùn fi yọ lẹ́yìn etí.
"Mi ò ní kó rẹ̀ yín," ni Kóòṣì ń wí,
"kó jí yín ni mo wí.
Yàmáhà tó sùn mọ́jú nínú otútù,
bí o bá fà á lójijì, okùn á já.
Fà á díẹ̀. Tún fà á díẹ̀ sí i.
Tó bá wá ké, ta ni yóò dá a dúró?"

Ó ku ẹyọ kan. "Ẹ pọn ara yín."
Bádírù gun ẹ̀yìn mi,
egungun, ẹ̀rín, àti gàrí àná.
Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, itan mi ń gbọ̀n, mo dìde.
Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kejì.
Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ló pariwo sí mi létí:
"Dẹ́rẹ́bà, ó wà o!"
Ẹ̀rín pa mí, ó ku díẹ̀ kí n da àwa méjèèjì nù.
Ó bọ́ sílẹ̀. A sinmi,
ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi lè ka Fàtíhà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.
Kóòṣì ní, "Ó yá, fò."

Ẹ̀yìn mi ò tíì gbọ́ pé ẹnì kan ti sọ̀ kalẹ̀,
ó ṣì ń ṣe làálàá ẹni méjì.
Agbára ẹni méjì, ara ẹnì kan,
ilẹ̀ tì mí bí ẹni tó fẹ́ gba ìjókòó rẹ̀ padà.
Àmì kejì fi ìka mẹ́rin ga ju ti àkọ́kọ́ lọ.
Kóòṣì fọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó nu ṣọ́ọ̀kì sára ṣòkòtò,
ó ní, "Owó ọkọ̀ rẹ ńkọ́?"

Nígbà tí ọyẹ́ dé,
bàbá Bádírù fi í ránṣẹ́ sí Pọ́tá, kó lọ kọ́ṣẹ́ wẹ́dà.
Kò wá dágbére ní pápá.
Bàtà rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún wa, ti òsì ti là.

Kóòṣì fún mi ní àpò iyanrìn kan
tí wọ́n wà láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà.
Ó wúwo ju Bádírù lọ.
Mo ń bẹ̀rẹ̀, mo ń dìde, mo ń ka Fàtíhà mi,
mo sì ń fò. Àmì náà ń ga sí i, mi ò ní parọ́.
Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀,
á kàn ró gbì lórí koríko.
Kì í sọ pé ó wà.