Ibi Tí Gàníyù Yóò Wò

Mo gbé agolo méjì kalẹ̀ ní Òkèlélé,
ọ̀kan pupa, ìpẹtà ti jẹ ìkejì létí.
Gàníyù kó kúlíkúlí rẹ̀ sínú pupa,
ó lé ewúrẹ́ gba ẹ̀yìn ilé lọ.
Mo rọra kó o sínú onípẹtà.

"Sẹ̀líátù, bí ẹ̀gbọ́n ẹ bá dé,
níbo ni yóò kọ́kọ́ wò?"

Ọmọ ọdún mẹ́rin wo agolo, ó wò mí,
ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè.
"Ẹnu mi ni."

Àyè méjì péré ló wà nínú ìwé yunifásítì:
pupa, onípẹtà.
Mo gbé bírò sókè, mi ò ríbi fàmì sí.
Ìgbà yẹn ni mo tún kúlíkúlí kà.
Márùn-ún la kó síbẹ̀.
Ó ku mẹ́ta.