Ebi, Ẹ̀bi, Ẹbí

Àgádágodo wà lẹ́nu kọ́bọ́ọ̀dù wa ní Ìjàpọ̀, l'Àkúrẹ́.
Èmi ni mo rà á.
Akínlùyì gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tí mo tì í.
Kò sunkún. Ó fi iwájú orí ti ilẹ̀kùn náà,
ó ní, "Bàbá, ṣé ilẹ̀ á tètè mọ́?"
Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán ni o,
ọmọ tí kò lágbára àtimu ọmú níjọ́sí.

Dókítà ní kò sí lẹ́tà tó sọnù nínú ìwé ara rẹ̀.
Ẹ̀dà méjì ló bá wá sáyé.
Ní ojú ewé yìí, ti ìyá a máa dákẹ́,
bó ṣe rí lára gbogbo wa nìyẹn;
ti bàbá ló yẹ kó sọ̀rọ̀.
Àmọ́ àmì wínníwínní kan, tí kò tó eruku,
lọ bà lé tèmi náà.
Ewé méjèèjì panu mọ́.
Kò sẹ́ni tó máa sọ fún ikùn pé, "Ó tó."

Ìyá rẹ̀, tíṣà kíláàsì kẹta, mí kanlẹ̀.
Ó gba bírò,
ó kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì ọsibítù:
ebi,
ẹ̀bi,
ẹbí.
"Wò ó," ó ní. "Àmì lásán ni."

Ọdún méje ni mo ti ń wá ẹni tí màá gbé ẹ̀bi lé:
ìyá mi ní Ìdànrè, aṣaájò oyún, ara mi.

Lóru, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí símẹ́ńtì.
Mo jókòó tì í níwájú kọ́bọ́ọ̀dù,
kọ́kọ́rọ́ ń gún mi nítan nínú àpò,
àwa méjèèjì ń dúró de aago mẹ́fà.