Àwòrán Abẹ́ Òkúta

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni wọ́n gbé e wọlé,
Bàbá Ṣóyọyè ará Ìtokò,
tó ń pọ́n abẹ fún gbogbo onígbàjámọ̀ àdúgbò.
Apá ọ̀tún rọ̀ jọwọrọ bí aṣọ tí a kò tíì fún omi rẹ̀.
Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, "mmm" ló jáde,
"mmm", bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn tí wọ́n ti pa dé mọ́ ọn.

Dókítà Ẹkúndayọ̀ ò béèrè ọjọ́ orí.
"Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ ṣì pé?"
Ìyàwó wo ọmọ. Ọmọ wo ilẹ̀.
Ó jẹ ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀ ní alẹ́ àná,
ó bú ẹni tó pa jẹnẹrétọ̀, ó rẹ́rìn-ín,
ó sùn.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìdajì rẹ̀ kò jí.

Ta ló mọ wákàtí tí olè wọlé
nígbà tí gbogbo ilé ń hanrun?
Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì wà nínú fìríìjì,
ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ jù, ó ń di ọ̀tá;
bó bá sì jẹ́ pé iṣan ló bẹ́,
ẹni tó fún un ló da epo síná.

Wọ́n tì í wá bá mi nínú yàrá tútù.
Èmi kì í fún ènìyàn lóògùn. Àwòrán ni mo ń yà.
Mo ní, "Bàbá, ẹ má mira o."
Ẹ̀rọ kùn, ó gbé e mì, ó pọ̀ ọ́ jáde.

Ìlú tiwa ń gbé abẹ́ òkúta.
Ọpọlọ náà ń gbé abẹ́ òkúta,
agbárí ni òkúta tirẹ̀;
ọwọ́ ò kàn án, ojú lásán ò tó o.

Àwòrán àkọ́kọ́: ẹ̀jẹ̀ kankan ò dà. Mo mí.
Èkejì: iṣan apá òsì,
ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó dúró gbagidi
bí ọ̀nà Ìbarà lọ́jọ́ tí igi wó dí i.
Ẹ̀kẹta ni mo tẹjú mọ́.
Ibi tó ti kú kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.
Ṣùgbọ́n yí i ká, ilẹ̀ ńlá aláwọ̀ eérú,
tí ebi ń pa, tí kò tíì kú,
bí ẹni tó sé èémí lábẹ́ odò Ògùn
tó ń retí ọwọ́ ẹnìkan.

Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ aago,
ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni aago.
Mo gbé fóònù: "Dókítà, ó ṣì wà níbẹ̀. Púpọ̀ rẹ̀ ṣì wà!"
Mi ò mọ̀ pé mo ti ń pariwo.

Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, oògùn wọ iṣan.

Mo jókòó. Mo rántí ìyá mi ní Àdátán,
oṣù mẹ́ta tí a fi òróró wọ́ ọ lápá,
tí a ń ṣépè fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan.
Ta ló ya àwòrán tirẹ̀?

Ní ọ̀sán, wọ́n ní ìka ọ̀tún mì.
Ìka kan péré. Àtàǹpàkò,
èyí tó fi ń dán ẹnu abẹ wò.
Ọ̀rọ̀ kò tíì padà tán.
Wọ́n ní kó dárúkọ ìyàwó rẹ̀;
ó wò ó títí, ó ní, "Abẹ."
Ìyàwó nu ojú.
Ó ní, "Èmi náà nìyẹn."